Ọmọlanke Ọ̀gá Kékeré

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣẹ Bàbá Aláago, kí olúwa rẹ̀ má retí pé ilẹ̀ yóò mọ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán. Ọkùnrin náà kì í jà, kì í pariwo, ó kàn máa ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sínú bí àgbẹ̀ ṣe ń tọ́jú irúgbìn ni. Aago ló ń tún ṣe, nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan láàárín ti onígbàjámọ̀ àti ti ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ́ jù nínú ikùn rẹ̀ ni Ìyá Aránṣọ, ìyá ọkọ ọmọ rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ wọn fẹ́ra, Bàbá Aláago gbé aago ògiri ńlá kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ tò fún wọn. Ìyá Aránṣọ wò ó lójú gbogbo ènìyàn, ó ní aago náà dára, àmọ́ ó jọ pé òun náà máa ń sinmi lọ́sàn-án bíi tàwa àgbà. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, ìkíni lásán ló kù láàárín àwọn méjèèjì, èyí náà sì ń ti àárín eyín jáde ni.

Obìnrin ni ọmọ tí ìgbéyàwó náà bí. Ọ̀gá Kékeré ni àwọn oníbàárà ń pè é, torí láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì, inú ṣọ́ọ̀bù ló ń wà látàárọ̀, lórí ẹní tí bàbá àgbà rẹ̀ tẹ́ sẹ́yìn káńtà, tí yóò máa wo ojú ẹni tó bá wọlé bí ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́. Ilé bàbá yìí ti dákẹ́ tipẹ́ kí ọmọ náà tó dé. Ní báyìí, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Àmọ́ àwọn ẹgbẹ́ Ọ̀gá Kékeré ti ń rìn. Òun á di káńtà mú, á dìde, á wò yíká, á sì tún jókòó pẹ̀sẹ̀ bí ẹni tí iṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò ní kò sóhun tó ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wá béèrè ohun tó fi ń ṣeré. Bàbá Aláago yọ àyà síta. Ó ka mọ́tò oníbátìrì tó ń sáré yípo fúnra rẹ̀, ó ka ẹyẹ tó ń kọrin, ó ka ọ̀bọ tó ń pàtẹ́wọ́ tí wọ́n bá ti yí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣà wọ́n, ó sì tú ẹ̀yìn wọn wò kó tó rà wọ́n. Lójú tirẹ̀, ohun tó bá lè dá ṣiṣẹ́ láìsí ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ni ohun tó dára. Iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti kékeré ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Bàbá, àwọn nǹkan yẹn ló ń ṣeré. Ọmọ yín ń wòran ni. Ẹ bá a wá ohun tí kò ní ṣe nǹkan kan àfi tóun bá ṣe é. Ohun tó máa tì, tó máa kó ẹrù sí, tó tún máa kó o kúrò."

Lójú ọ̀nà ilé, ìyá Ọ̀gá Kékeré, tí wọ́n jọ lọ, sọ fún un pé tí kò bá sí ìyàtọ̀ títí oṣù yóò fi parí, òun yóò máa gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ Ìyá Aránṣọ, torí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀ gùn. "Kì í ṣe ìjà o, Bàámi. Àyè lọmọ ń fẹ́." Bàbá Aláago ní òun ti gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì ó lọ ra ọmọlanke kékeré kan, onígi, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, tí ọwọ́ tí wọ́n fi ń tì í ga dé àyà ọmọdé. Kò ní bátìrì, kò ní kọ́kọ́rọ́, kò mọ orin kankan. Ó dùn ún láti gbé irú ọ̀lẹ bẹ́ẹ̀ wọlé. Nígbà tó tì í wò, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́lẹ̀, ó ń ké. Ìyẹn kò ṣeé fara mọ́ fún ẹni tó ń tún aago ṣe. Ó tú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ha igi ibẹ̀ títí tó fi ń dán, ó sì fi epo aago sí i. Nígbà tó máa fi parí, èémí lásán ti tó láti gbé ọmọlanke náà lọ. Ó pe onígbàjámọ̀ wá wò ó.

Ọ̀gá Kékeré di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó dìde. Ọmọlanke sá lọ. Ọmọ dojú bolẹ̀. Wọ́n gbé e dìde, ọmọlanke tún sá lọ. Kò pẹ́ tó fi jẹ́ pé tó bá ti rí i, á rákò padà sórí ẹní, á sì nawọ́ sí ọ̀bọ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́," ni onígbàjámọ̀ wí. "Ọmọ tí ò tíì mọ̀ ọ́n rìn, ẹ ní kó bá ẹṣin sáré."

Bàbá Aláago kó irin iṣẹ́ sínú ọmọlanke kó lè wúwo. Irin gbá ọmọ lágbọ̀n. Ó bu yanrìn sínú ọ̀rá. Ọmọ já ọ̀rá, ó sì jẹ yanrìn. Ó wá yé e pé àpò aṣọ tó nípọn, tí wọ́n rán pa dáadáa, ló lè gba yanrìn náà dúró. Ó lọ bá aránṣọ tó wà lẹ́yìn ilé wọn. Ọmọbìnrin náà ti ń wọn aṣọ kó tó béèrè ẹni tó ni ín. Bó ṣe gbọ́, ó ká okùn ìwọnṣọ rẹ̀. Ó ní Ìyá Aránṣọ ló kọ́ òun níṣẹ́, òun ò lè gba iṣẹ́ ọmọ-ọmọ ọ̀gá òun kọjá ọ̀gá òun. Ẹni tó tún lọ bá lójú títì kejì sọ ohun kan náà. Àfi bíi pé ọ̀dọ̀ obìnrin kan ṣoṣo ni gbogbo abẹ́rẹ́ àdúgbò ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gún nǹkan.

Oṣù ti ń lọ sópin. Bàbá Aláago jókòó, ó ń wo ọmọ tó ń wo ọ̀bọ. Ìbínú rẹ̀ ti mọ́ ọn lára bíi bàtà àtijọ́, àmọ́ ìbínú kì í jókòó sẹ́yìn káńtà kó máa rẹ́rìn-ín síni. Ó gbé ọmọ lé èjìká, ó ki ọmọlanke sábẹ́ apá, ó lọ.

Ìyá Aránṣọ wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, àna mi. Ṣé ọ̀nà ló ṣì yín ni?"

"Iṣẹ́ ni mo gbé wá."

Ó ṣàlàyé irú àpò tó ń fẹ́. Ìyá Aránṣọ béèrè ohun tó fa yanrìn. Ó lè purọ́ pé ọjà burúkú ni wọ́n tà fún òun, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: òun lòun fi epo sí i jù. Ìyá Aránṣọ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbórí lé ẹ̀rọ. Bàbá Aláago ti ń ká ẹ̀rín yẹn pọ̀ láti fi kún ti tẹ́lẹ̀, kí obìnrin náà tó nu ojú rẹ̀.

"Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́. Èmi tí mò ń rẹ́rìn-ín yìí, tí wọ́n bá gbé ọmọ yìí wá síbí, ẹ̀yìn mi ni mò ń pọ̀n ọ́n sí látàárọ̀ dalẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kan ilẹ̀. Mo ní tó bá ṣubú lọ́dọ̀ mi, ẹ ò ní gbàgbé láéláé."

Kò sẹ́ni tó sọ fún Bàbá Aláago rí pé ẹ̀rù ìbínú rẹ̀ lè dé ẹsẹ̀ ọmọ tí ò tíì rìn.

"Ọ̀rọ̀ aago yẹn ni, àbí?" ni Ìyá Aránṣọ bi í, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ẹ̀fẹ̀ ni mo ṣe. Kò tiẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀."

"Kò dùn rárá," ni Bàbá Aláago wí, ó sì jókòó.

Wọ́n fọ yanrìn, wọ́n sá a sóòrùn. Ìyá Aránṣọ fi aṣọ líle rán àwọn àpò kéékèèké, ó gba ojú ìrán kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá Aláago wà nílẹ̀, ó ń fi àpò kan kún ọmọlanke, ó ń yọ òmíràn, títí ó fi ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí àgbà tó ń ti ìsinmi bọ̀.

Wọ́n gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀gá Kékeré wò ó tìfura-tìfura. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó tì í. Ọmọlanke lọ díẹ̀, ó dúró dè é. Ó gbé ẹsẹ̀. Ó tún gbé òmíràn. Nígbà tó fi máa kan ògiri, ó bínú sí ògiri náà, ó jágbe mọ́ ọn. Bàbá Aláago fẹ́ lọ yí i padà fún un, Ìyá Aránṣọ fà á láṣọ: "Ẹ fi í sílẹ̀." Ọmọ jókòó, ó kó àpò dànù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn padà, ó ń mí bí alágbàrù. Ìyá Aránṣọ ti bẹ̀rẹ̀ láti gbé e pọ̀n. Bàbá Aláago náà fà á láṣọ.

Ibẹ̀ ni ìyá ọmọ ti bá wọn nígbà tó dé láti ibi iṣẹ́, ìyẹ̀fun ṣì wà lápá rẹ̀: àgbà méjì lórí ilẹ̀, tí wọ́n di ara wọn láṣọ mú, tí wọn ò sì jà. Kó tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ọmọlanke ti gbá a lójúgun. Ó wo ẹni tó tì í: ọmọ rẹ̀ ni, lórí ìdúró.

Bàbá Aláago ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní kí ọmọ máa wà níbí láwọn ọjọ́ kan, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn gùn lóòótọ́. Ìyá Aránṣọ ní kó sì máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù láwọn ọjọ́ yòókù, òun náà fẹ́ rán aṣọ láìsí ẹni tó ń fa òwú òun. Wọ́n ṣì ń pín ọjọ́ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n gbúròó ẹsẹ̀ igi lẹ́nu ọ̀nà.

"Àna mi, ẹ sáré, mi ò rí bàtà mi!" ni Ìyá Aránṣọ kígbe.

Bàbá Aláago sáré jáde láìwọ bàtà. Ó bá Ọ̀gá Kékeré ní àgbàlá, àmọ́ kò dá a dúró. Ó ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ ṣe ń ti ọmọlanke rẹ̀ lọ.