Ọmọ Odó Tó Rí Òkun

Wọ́n ní mo dójú ti ọkọ mi l'Ékòó. Wọ́n ń sọ ọ́ kiri Iléṣà, láti ìdí kànga títí dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, bí ẹni pé wọ́n bá wa lọ. Ó dára. Ẹ̀yin tí ẹ ń bú mi, ẹ jókòó kí n sọ ọ́ fún yín. Ohun tó ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ọ̀rọ̀ yìí sì dùn mí wọ egungun.

Láti ìgbà tí Ògúnṣẹ̀yẹ ti gbé èmi Morónkẹ́ níyàwó ni mo ti ń gún iyán fún un. Bí mo lóyún, mò ń gún un. Bí mo bímọ tán, kí ìwọ́ ọmọ tó já, mo ti wà nídìí odó. Ẹ bá gbé ẹ̀kọ síwájú rẹ̀, á ní, "Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ." N ò bá a jiyàn, iyán dára. Apá tó ń gún un ńkọ́?

Lọ́dún tí owó kòkó lọ sókè, ó pè mí jókòó. Ó ní, "Yèyé Dára, o ti ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ mú ọ lọ sí Èkó, kí àwa méjèèjì lọ gba atẹ́gùn létí òkun. Ẹja lo máa jẹ. Ọwọ́ rẹ ò ní kan ọmọ odó títí a ó fi padà." Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, mo sunkún pàápàá. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́, ẹ má gbàgbé.

Lọ́rì gbé wa dé Òṣogbo, a sì sùn lọ́dọ̀ Àpìkẹ́ ọ̀rẹ́ mi ní Òkè-Baálẹ̀, kí a lè wọ rélùwéè láàárọ̀. Aláró ni Àpìkẹ́, ó ti bá ọkọ rẹ̀ dé Èkó rí. Ó ní, "Wàláhì, Morónkẹ́, bí o bá dé etí òkun, bọ́ bàtà rẹ. Jókòó sórí yanrìn. Àwọn obìnrin kan ń dín ẹja níbẹ̀, ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú omi jáde. Ní kí wọ́n fi ata sí i, fi ẹ̀kọ jẹ ẹ́, má sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí o ó fi jẹ ẹ́ tán." N ò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sùn.

Nígbà tí a dé ibi tí a ti ń wọ rélùwéè, ọkọ mi di ẹní kan mọ́ra. Mo ní kí n bá a gbé e, ó ní kí n fi sílẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án, igi ló wà nínú rẹ̀. Mo tú okùn rẹ̀. Ẹ gbà mí o! Ọmọ odó mi láti Iléṣà ló sùn sínú ẹní bí àlejò.

"Bàbá Dára, kí lèyí?"

"Ìṣọ́ra ni. Wọ́n ní ọmọ odó Èkó ò níláárí."

"Ta ló fẹ́ gún kí ni?"

"Má pariwo. Àwọn èèyàn ń wò wá."

Ọ̀dọ̀ Bándélé àbúrò rẹ̀, tó ń ṣe káfíńtà ní Òbáléńdé, la dé sí. Kí n tó sinmi, ó ti yá odó lọ́wọ́ aládùúgbò, ọkọ mi sì ti ń kó iṣu jáde láti inú àpò tó sọ fún mi pé aṣọ ló wà níbẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, gbogbo ọmọ Ìjẹ̀ṣà àdúgbò ti gbọ́ pé obìnrin tó mọ iyán gún ti ilé dé. Wọ́n ń wọlé, wọ́n ń ní, "Ẹ kú àbọ̀ o, ìyá wa! Ó ti pẹ́ tí a ti jẹ iyán gidi." Ọkọ mi jókòó láàárín wọn, ó ń fẹ̀. "Ìyàwó mi nìyẹn! Ẹ ò lè rí kókó nínú tirẹ̀!" Inú mi ń hó bí omi iṣu. Atẹ́gùn òkun ń fẹ́ wá bá mi nídìí odó, mo sì ní kó jẹ́ ká lọ. Ó ní, "Lọ́la." Nígbà tí ọ̀la dé, ó tún ní, "Lọ́la." Mo gún, mo tún gún.

Ọjọ́ tó ku ọ̀la ká padà sílé, wọ́n tún dé. Ògúnṣẹ̀yẹ yọjú sí mi lẹ́yìnkùlé.

"Yèyé Dára, jẹ́ kó pọ̀ díẹ̀ o. Àwọn tòní ju tàná lọ."

"Òkun ńkọ́?"

"Òkun ò lè sá lọ. A ó tún wá lọ́jọ́ mìíràn."

Ọjọ́ mìíràn! Ẹni tó lò tó ogún ọdún kó tó mú mi rìn lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ mìíràn wo ló kù lọ́wọ́ rẹ̀? Ó tó gẹ́ẹ́! N ò bá a jà. Mo kó iṣu tó jinná sínú odó, mo gbé ọmọ odó lé èjìká, mo sì gba àárín gbogbo wọn kọjá jáde.

Bándélé ní, "Ìyá wa, ibo lẹ̀ ń lọ?"

Mo ní, "Òkun."

Mò ń béèrè ọ̀nà, àwọn ará Èkó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n rín in! Nígbà tí mo yọ sí òkun, ẹsẹ̀ mi dúró. Àpìkẹ́ ò sọ ìdajì rẹ̀ fún mi. Omi tí n ò rí òpin rẹ̀, ariwo rẹ̀ ju tèmi lọ. Mo pariwo padà fún un, gbogbo ohun tí n ò lè sọ nídìí odó ni mo sọ, mo sì fi gbogbo agbára ju ọmọ odó sínú rẹ̀. Omi gbé e, ó yí i, ó sì tì í padà wá sí ẹsẹ̀ mi. Ẹ ò rí nǹkan! Òkun pàápàá ò fẹ́ gún iyán.

Mo bọ́ bàtà. Mo jókòó sórí yanrìn. Mo ra ẹja gbígbóná àti ẹ̀kọ, mo jẹ ẹ́ bí Àpìkẹ́ ṣe wí, mo sì lá ata ọwọ́ mi. Èkejì ni mò ń jẹ nígbà tí Ògúnṣẹ̀yẹ dé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"O dójú tì mí lójú gbogbo ará ilé! Iṣu ti ń tutù nínú odó!"

"Ta ló ní ọwọ́ mi ò ní kan ọmọ odó?"

"Dìde ká lọ," ó ní.

"Mo ní ta ló sọ ọ́, Bàbá Dára? Ẹ jẹ́ kí n kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ gba ọpẹ́ mi, ẹ wá lọ di ọmọ odó sínú ẹní! Ṣé ẹrú lẹ mú wá wo òkun ni? Ẹrú gan-an ì bá ti rí i!" Mò ń sunkún, mo sì ń jẹ ẹja mi.

Ó wo òkun, torí òun náà ò rí i rí. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ mi níbi tí ìléròrò ti bẹ́. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ọmọ odó, ó gbọn yanrìn ara rẹ̀ nù.

"Àwọn èèyàn ń dúró," ó ní, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Ta ni yóò gún un?"

"Ẹni tó gbé e wá láti Iléṣà."

N ò dìde. Ó gbé e lé èjìká, ó ń lọ, omi òkun ń kán sí i lẹ́yìn.

Oòrùn ti wọ̀ kí n tó padà. Mo bá wọn nídìí oúnjẹ. Kókó inú iyán náà tó ẹ̀kúrọ́, wọ́n ń ṣà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Òógùn bo ọkọ mi, ó ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Yèyé Dára," ó ní, "wá jẹun."

Ohun tí mo sọ lójú gbogbo wọn nìyí, tí ẹ fi ń bú mi kiri Iléṣà. Mo ní, "Mo ti yó."