Àwọn Ilẹ̀kùn Tí Káfíńtà Tú

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́. Ẹ kú ilé, ẹ sì kú ìtọ́jú ara. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jẹ́ kí orí wa wà lábẹ́ òrùlé lónìí, ìbáà jẹ́ tiwa, ìbáà jẹ́ èyí tí à ń sanwó rẹ̀ fún onílé. Ọ̀rọ̀ òrùlé náà ni mo bá wá.

Ìyá kan wà tó ń ránṣọ, káfíńtà sì ni ọkọ rẹ̀. Báǹkì ló yá wọn lówó tí wọ́n fi ra ilé, ilé náà ni wọ́n sì fi ṣe ìdúró owó ọ̀hún. Wọ́n ń san án lóṣooṣù láìyẹ̀, àfi ìgbà tí àìsàn dé sí bàbá. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ń di ọ̀pá mú, ti ọ̀tún kò sì ṣeé gbé kọjá ìbàdí. Ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan kò lè bọ́ ilé kó tún bọ́ báǹkì. Báǹkì kọ̀wé pé àwọn yóò gba ilé náà, àwọn yóò sì tà á.

Ìyá kò káwọ́ gbera. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ ní báǹkì, títí wọ́n fi sọ fún un pé ìrọ̀rùn kan wà: àwọn lè dín owó oṣooṣù kù, kí àwọn sì fi ọdún kún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé inú ilé rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é fún, kì í ṣe ẹni tó ti ń palẹ̀ mọ́. Òṣìṣẹ́ àwọn yóò wá wò ó láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ìyá sáré wálé pẹ̀lú ìròyìn ayọ̀. Ó dé inú ilé, ẹnu rẹ̀ kò lè pa dé. Yàrá kò ní ilẹ̀kùn mọ́. Ilé ìdáná kò ní, balùwẹ̀ kò ní. Gbogbo ilẹ̀kùn inú ilé ló fara ti ògiri pálọ̀, bàbá jókòó tì wọ́n, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Bàbá, ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni. Mo jókòó lórí àpótí, mo fọwọ́ òsì tú wọn, mo sì wọ́ wọn wá síbí. Àbúrò mi á wá kó wọn lọ́la. Kí báǹkì gba ilé wọn. Èmi ni mo gbẹ́ ilẹ̀kùn, wọn ò ní bá a níbẹ̀."

"Títí kan ti balùwẹ̀?"

"Pàápàá ti balùwẹ̀!"

Ẹ̀rín ń gbọ̀n ìyá, ẹkún náà ń gbọ̀n ọ́n. Ìdìmú méjì tí à ń yí kí ilẹ̀kùn tó ṣí ni bàbá kàn mọ́ ti balùwẹ̀ yẹn: ọ̀kan lókè fún àgbà, ọ̀kan nísàlẹ̀ fún ọmọbìnrin wọn nígbà tó wà ní kékeré. Ọmọ náà ti wà nílé ọkọ báyìí.

Ìyá wá sọ ohun tí báǹkì wí. Bàbá yíjú sí àwọn ilẹ̀kùn náà.

"Mo ti bà á jẹ́. Wọ́n á ní à ń kó lọ. Títú ni mo lè tú u, aránṣọ mi. Ọwọ́ wo ni mo fẹ́ fi gbé e padà?"

"Ẹ kò rí tèmi yìí ni? Ẹ máa júwe, èmi á máa yí síkúrù."

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá fi orin ìyìn sẹ́nu. Ó ká àjákù aṣọ, ó kì í sábẹ́ ilẹ̀kùn kó lè ga dé ojú ìwakùn, irin tí ilẹ̀kùn fi ń yí.

"Rọra o! Ilẹ̀kùn ni, kì í ṣe búláòsì."

"Ọ̀gá káfíńtà, ìgbà wo lẹ máa sanwó iṣẹ́ mi?"

Ó ku ti balùwẹ̀ nìkan nígbà tí òṣìṣẹ́ báǹkì wọlé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó gbé báàgì kọ́pá.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé ẹ ń kó lọ ni?"

Irọ́ ti dé orí ahọ́n ìyá pé àtúnṣe làwọn ń ṣe, ṣùgbọ́n bàbá ti gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Lánàá, ọmọ mi, mo ń kó lọ. Mi ò fẹ́ kí ẹ bá iṣẹ́ ọwọ́ mi níbẹ̀. Ìyàwó mi ò mọ̀ sí i. Lónìí, à ń kọ́ wọn padà, nítorí ibí là ń gbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwà mi gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà yí ilé ká. Ó rí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n tẹ́, ó rí aṣọ oníbàárà lórí ẹ̀rọ. Ó wá bẹ̀rẹ̀ síbi ìdìmú ìsàlẹ̀, ó gbìyànjú láti yí i, kò yí.

"Kí ni eléyìí wà fún?"

"Ti ọmọ wa ni," ìyá dáhùn. "Kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun ṣílẹ̀kùn."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó sọ báàgì kalẹ̀, ó gbá ilẹ̀kùn mú. "Ẹ máa yí i, mà. Mi ò lè lọ kọ ọ́ pé balùwẹ̀ yín ò ní ilẹ̀kùn."

Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ tán, ìyá kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ sí ìdìmú ìsàlẹ̀ náà.

Kò pẹ́, báǹkì fọwọ́ sí i. Owó oṣooṣù já wálẹ̀, ọdún gùn sí i.

"A ó ti gbó kí a tó san án tán," ni ìyá wí.

"Ilé wa la ó gbó sí."

Bàbá dìde, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú. Ìyá fẹ́ sáré lọ bá a ṣí balùwẹ̀ bó ti máa ń ṣe láti ìgbà àìsàn.

"Jókòó," ni bàbá wí.

Ọwọ́ ọ̀tún tí kò kọjá ìbàdí rọra bọ́ sórí ìdìmú ọmọdé. Ó yí. Ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá gbọ́ tó tì í padà, ó fa gèlè bojú, ó sunkún ọpẹ́.

Ìwọ tó ń kà á, Olúwa kò ní jẹ́ kí wọ́n tú ilẹ̀kùn rẹ. Wàá wọlé láyọ̀, wàá jáde láyọ̀. Bí ọwọ́ rẹ kò bá sì tó òkè mọ́, Ọlọ́run yóò fi ìdìmú sí ibi tí ọwọ́ rẹ tó. Àmín.