Orí Tí Wọn Ò Tíì Tú Tán

Apá òsì orí Fọláyẹmí ti tú tán, ó rí wúruwùru bí oko tí wọn ò ro. Apá ọ̀tún ṣì wà ní dídì, irun gígùn tí wọ́n fi atáṣímẹ́ǹtì dì tíntìntín. Ibi tí òòyà dé nìyẹn tí fóònù rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí tábìlì. Kò dìgbà tó bá wò ó kó tó mọ ẹni tó ń pè. Àbísóyè ni, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ìyá ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Rosettenville, níbí ní gúúsù Áfíríkà.

"Fi sílẹ̀," Islamiyat wí lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ti ìdí òòyà bọ inú irun mìíràn. "Orí rẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi."

Ọgbọ́n tí Islamiyat fi mú un nìyẹn. Fọláyẹmí ti wá sílé yìí ní Troyeville rí, ó sì sá lọ ní gbogbo ìgbà tó wá. Bó bá ti jókòó tán, tí àwọn obìnrin tó máa ń pé jọ níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù, àyà rẹ̀ á máa lù kìkìkì, ojú rẹ̀ á máa wá ilẹ̀kùn. Á ní òun fẹ́ gba afẹ́fẹ́ díẹ̀ níta. Ó dilé nìyẹn. Ṣùgbọ́n lónìí, kó tó gbé báàgì kalẹ̀, Islamiyat, tó ń ṣe irun fún ọ̀pọ̀ obìnrin Nàìjíríà tó wà ládùúgbò náà, ti fà á jókòó sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní irun yìí ti gbó, jẹ́ ká tú u. "Bisimilahi" ló gbọ́, òòyà ti wọlé. Obìnrin wo ló máa fi ààbọ̀ orí bọ́ sí títì? Ó jókòó jẹ́ẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì pè é lójo. Ìṣirò ni Fọláyẹmí ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì ní Braamfontein, àwọn ọmọ tó ga jù ú lọ sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Ìpayà tó ń bá a gbé ni kò mọ̀wé. Bí iná ojú títì, tí wọ́n ń pè ní róbọ́ọ̀tì níbí, bá pẹ́ kó tó fún mọ́tò wọn lọ́nà, ọkàn rẹ̀ á sọ fún un pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ nílé. Bí fóònù bá dún láti Ìlá, ìlú rẹ̀, ẹnìkan ti kú. Bí kò bá dún, ẹni náà ti kú, wọn ò fẹ́ sọ fún un ni. Bó bá sùn, á jí, á lọ fọwọ́ kan ilẹ̀kùn bóyá ó tì, á padà, á tún dìde. Olúwaníyì ọkọ rẹ̀ náà ò rí oorun sùn. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀rọ̀ náà bọ́ síta. Ó dúró níwájú kíláàsì, ó ń kọ nǹkan sójú pátákó, àfi bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí èémí sì há mọ́ ọn láyà. Ó fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀, ó lọ ti ara rẹ̀ mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ló gbé e débẹ̀? Ọlọ́run ló mọ̀, àmọ́ àwa Yorùbá ò nílò rédíò nílẹ̀ àjèjì. Àbísóyè ní ẹ̀mí burúkú ni. Ó ní tó bá di Sátidé, kí Fọláyẹmí wá wọ ilé àdúrà fún ìtúsílẹ̀, kó gbààwẹ̀, kó sì kó gbogbo oògùn tí dókítà fún un wá kí wọ́n dà á nù níwájú pẹpẹ. Bẹ́ẹ̀ oògùn yẹn nìkan ló ń jẹ́ kó rí oorun díẹ̀ sùn, dókítà sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì. Kí ni Fọláyẹmí fi dá Àbísóyè lóhùn? "Ẹ ṣeun mà." Ohun tó máa ń sọ náà nìyẹn. Nígbà tí Sátidé dé, tó yẹ kó gba ọ̀nà Rosettenville lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e wọ táásì Troyeville.

Òfin ilé Islamiyat ò pọ̀. Ẹni tí orí rẹ̀ bá wà lábẹ́ òòyà ló ń sọ̀rọ̀, àwọn yòókù ń gbọ́. Wọn kì í ní kó má rò ó mọ́. Wọn kì í gbàdúrà lé e lórí, àfi tó bá tọrọ rẹ̀. Islamiyat tí kì í fi àkókò ìkírun ṣeré ló ṣe òfin náà fúnra rẹ̀, ó ní òun ti rí ẹni tí wọ́n fi àmín dí lẹ́nu.

Fọláyẹmí dákẹ́ títí tí apá kan orí rẹ̀ fi tú tán. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, òun náà mọ̀. Níkẹyìn ó sọ ọ́, ojú rẹ̀ nílẹ̀, ó fi òyìnbó sọ ọ́ kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Ẹ̀rù ń bà mí pé wèrè ló ń bọ̀."

Kò sẹ́ni tó pariwo. Nomsa, opó ará Súlú tó jókòó sẹ́bàá fèrèsé, gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀.

"Eish, sisi, èmi náà," ó wí. "Ìgbà kan wà tí mi ò lè wọ táásì. Tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ gbàmù báyìí, mo ti kú nìyẹn. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ síbi iṣẹ́, mo wá ń sọ fún wọn pé mo fẹ́ dín ọ̀rá ara kù."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Fọláyẹmí náà rẹ́rìn-ín. Nomsa kọ́ ọ bí yóò ṣe máa mí: kó fa èémí sínú, kó wá máa tú u síta díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ̀kọ gbígbóná. Ó ṣe é. Ó tún un ṣe. Ọwọ́ Islamiyat ń lọ ń bọ̀ lórí rẹ̀, kò kánjú. Èjìká Fọláyẹmí sọ̀ kalẹ̀. Àṣé ó ti gbé e sókè láti ọjọ́ yìí wá, kò mọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti sọ fún un pé kò sí nǹkan kan, má bẹ̀rù. Nomsa lẹni àkọ́kọ́ tó sọ pé "èmi náà". Ara rẹ̀ balẹ̀ débi pé oorun ń kùn ún lọ́sàn-án gangan, inú rẹ̀ sì dùn, ó dùn gan-an.

Ìgbà náà ni họ́ọ̀nù mọ́tò dún lẹ́nu géètì. Olúwaníyì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀: èmi àti Àǹtí Àbísóyè ti dé, jáde wá. Fọláyẹmí fúnra rẹ̀ ló sọ ibi tó wà fún un, torí tọkọtaya náà kì í jáde nínú ìlú yìí láìsọ ibi tí wọ́n ń lọ. Gbogbo ara tó ti balẹ̀ tún dìde fùú.

Islamiyat na ìborùn sí i. "Fi bo orí. Lọ dá wọn lóhùn, kó o padà wá."

Fọláyẹmí gbà á. Ní Ìlá, ìyá rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọmọbìnrin tí orí rẹ̀ wà láàbọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà. Á ní wèrè nìkan ló ń gbé irú orí yẹn kiri ìgboro. Fọláyẹmí sì ti pa òfin yìí mọ́ ju bí ìyá rẹ̀ ti rò lọ: ohunkóhun tí kò bá gún nínú ayé rẹ̀, ó ti wá nǹkan fi bò ó. Atíkè. Ẹ̀rín. Mo wà dáadáa. Ó wo ìborùn ọwọ́ rẹ̀. Ó mọ ara rẹ̀. Bó bá wé e báyìí, á kúnlẹ̀ kí Àbísóyè, á ní "ẹ ṣeun mà", á wọ mọ́tò, ó di iwájú pẹpẹ. Ṣùgbọ́n ààbọ̀ orí tí kò bò, wọn ò ní gbé ìyẹn wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fi ìborùn náà sórí àga, ó jáde.

Oòrùn mú níta. Táásì kan tó ń kọjá dẹwọ́ eré kí àwọn èrò inú rẹ̀ lè wòran. Àwọn ọkùnrin tó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù òdìkejì dá ọ̀rọ̀ wọn dúró. Irun apá òsì dìde fẹ̀ẹ̀ lórí Fọláyẹmí, ti ọ̀tún ń fì lẹ́jìká rẹ̀. Àbísóyè tó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ká ọwọ́ lérí.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù," ó wí. "Níyì, ó ti wọ ọjà."

Kò sí Yorùbá tí kò mọ ohun tó sọ yẹn. Wèrè tó bá ti wọ ọjà, wọ́n ní kò gbóògùn mọ́. Ohun tó ń lé Fọláyẹmí kiri látọjọ́ yìí, ẹnìkan ti wá fi ẹnu sọ ọ́ lójú títì. Àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń sọ fún un pé kó sá. Kò sá.

"Ẹ káàsán mà," ó wí, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀, torí ẹ̀kọ́ ilé ò sí nínú ìjà náà. "Irun ni wọ́n ń bá mi tú. Mi ò tíì ya wèrè."

"Wọ mọ́tò, ìyàwó mi. Wọ́n ń dúró dè wá. Oògùn yẹn dà?"

"Ó wà nínú báàgì mi. Ibẹ̀ náà ló máa wà. Mi ò lọ, mà."

"Fọlá, ṣebí o ti gbà," Olúwaníyì wí. Kò bínú, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

"Ẹ̀rù ló bà mí tí mo fi gbà. Ó ṣì ń bà mí báyìí, ọkọ mi, wo ọwọ́ mi." Ó na ọwọ́ sí i kó rí bó ṣe ń gbọ̀n. "Bí mo bá máa gbọ̀n, màá gbọ̀n níbí, lọ́dọ̀ àwọn tí ọwọ́ tiwọn náà máa ń gbọ̀n. Ẹ gbàdúrà fún mi, mo fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò ní da oògùn mi nù."

Kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níwájú Àbísóyè rí.

Islamiyat ti gbé àpótí ìjókòó jáde. "Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀yin èèyàn wa," ó kí wọn, bí ẹni tí àlejò bá lẹ́nu iṣẹ́. "Ẹ má bínú sí mi. Mi ò lè fi orí olórí sílẹ̀ láàbọ̀." Ó gbé àpótí náà sẹ́nu géètì. Nomsa tẹ̀ lé e jáde pẹ̀lú tíì rẹ̀, ó jókòó sórí pèpéle ibẹ̀. Fọláyẹmí jókòó sórí àpótí, òòyà sì wọ apá ọ̀tún lójú gbogbo Troyeville. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin òdìkejì wí nǹkan, ó ń rẹ́rìn-ín. Fọláyẹmí gbójú sókè, ó wò ó bó ṣe máa ń wo akẹ́kọ̀ọ́ tó bá pẹ́ dé kíláàsì. Ọkùnrin náà yíjú.

Àbísóyè ò lè fara dà á mọ́. "Bo àṣírí ara rẹ, mo bẹ̀ ọ́," ó wí, ó sì fa ìwérí funfun tó wà lórí rẹ̀ yọ, ó bẹ̀rẹ̀ kó fi wé orí Fọláyẹmí. Láti ìgbà tí Fọláyẹmí ti fẹ́ ọmọ ilé wọn, kò rí orí Àbísóyè lásán rí. Ó gbójú sókè láti kọ̀ fún un, ó sì rí ohun tí ìwérí ń bò.

Orí náà ti pá káàkiri. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, lókè iwájú, ibi tó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé ti dán. Níbòmíràn, irun kéékèèké ń hù padà. Kì í ṣe iṣẹ́ òòyà, kì í ṣe iṣẹ́ irun dídì tó le. Ìka ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń fà á tu, lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Islamiyat tó mọ orí obìnrin rí i, ó ń tú irun rẹ̀ lọ. Àbísóyè mọ̀ pé wọ́n ti rí i. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, ó dúró síbẹ̀.

Fọláyẹmí gba aṣọ náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ká a, ó dá a padà fún un.

"Tiyín ni, Àǹtí. Èmi ò bo tèmi lónìí."

Àbísóyè mú aṣọ náà dání, kò wé e. Olúwaníyì ti kọjú sí ibòmíràn. Lẹ́yìn náà ni ìyá ìjọ tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, bíi pé nǹkan kan jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi ohùn tí àbúrò rẹ̀ kò lè gbọ́ béèrè:

"Oògùn yẹn, ṣé ó ń jẹ́ kéèyàn sùn?"

Gbogbo èsì tí Fọláyẹmí ti kó jọ sílẹ̀, ti ìjà ni. Àṣé gbogbo ààwẹ̀ tó ń gbà yẹn, gbogbo ìṣọ́ òru tó ń lọ yẹn, obìnrin yìí náà kàn ń wá oorun ni.

"Díẹ̀díẹ̀ ni, mà," ó dáhùn.

Nomsa tí kò gbọ́ Yorùbá ti sún lórí pèpéle, àyè ẹnìkan ti ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àbísóyè ò jókòó. Ṣùgbọ́n kò padà sínú mọ́tò.