Odò Tí Ràsáàkì Gbà Fún Wọn

Kòtò ti wà nílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, lábẹ́ igi òrí tí Ràsáàkì fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ka sí nígbà ayé rẹ̀. Òkú nìkan ló kù. Òkú sì rèé lódìkejì odò Àfọ̀n, nínú ọkọ̀ tó gbé e bọ̀ láti ilé ìwòsàn. Àdìjátù, ìyàwó rẹ̀, dúró létí omi ní Ìdí-Ayin níhìn-ín, ó ń wò ó.

Afárá ti wó láti ọdún tó kọjá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń la odò náà kọjá, ṣùgbọ́n òjò àná ti kún un dé ẹnu, odidi igi ló ń gbé lọ.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nígbà tí wọ́n ń pa ààlà láàárín ìjọba ìbílẹ̀ wọn àti ti Olókúta tó wà lódìkejì, wọ́n bi ará Ìdí-Ayin léèrè ibi tí ilẹ̀ wọn dé. Wọn ì bá ní kí wọ́n la odò sí méjì. Ṣùgbọ́n ìlú tó ń fi Ìgbòho yangàn, tó ní ààfin ọba ibẹ̀ làwọn ti ṣẹ̀ wá, ṣé irú wọn ló máa gba ààbọ̀ odò? Ràsáàkì ló dìde.

"Odò Àfọ̀n, tiwa ni látòkèdélẹ̀! Ibi tí omi bá parí sí ni ti Olókúta ti bẹ̀rẹ̀."

Wọ́n gbé e léjìká relé. Àdìjátù jó lọ́jọ́ náà títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀.

Nígbà tí afárá wó, tí wọ́n wá ẹni tó máa tún un ṣe, káńsù ti Olókúta ní, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ni odò?" Káńsù tiwọn, tó wà lọ́nà jíjìn réré, ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n gbọ́ lóòótọ́. Wọn ò tíì gbọ́ ọ tán títí dòní.

Fóònù dún. Samsudeen, ọmọ wọn tó wà lọ́dọ̀ òkú, ni.

"Ìyá wa, ọ̀nà Òkèhò ti bàjẹ́, ọkọ̀ ò lè gbabẹ̀ yípo. Àfáà ní òkú ò gbọdọ̀ pẹ́ nílẹ̀ mọ́. Àwọn ará Olókúta ti fún wa nílẹ̀."

"Ẹ dúró díẹ̀ sí i. Omi á fà."

"Ìyá wa, ẹ wojú ọ̀run."

Ó wò ó. Gbogbo apá Ṣakí ti ṣú dùdù.

Àríyọ̀, àbúrò Ràsáàkì, so okùn mọ́dìí, ó bọ́ sódò. Kò tíì rìn jìnnà tí omi fi gbá a lẹ́sẹ̀. Agbára káká ni wọ́n fi fà á jáde.

"Ìyá Samsu," ló wí, ó ń gbọ̀n, "ẹ jẹ́ ká gbà f'Ọ́lọ́run."

Wọ́n tò lódìkejì, wọ́n kírun sí òkú lára. Àdìjátù rí aṣọ funfun náà bí wọ́n ṣe gbé e. Ariwo omi ò jẹ́ kó gbọ́ ohùn àfáà.

"Baba Samsu!" Ó pè é bí ìgbà tó máa ń pè é lóko pé oúnjẹ ti délẹ̀. Kò sẹ́ni tó wẹ̀yìn. Ó kórìíra odò náà, ó sì kórìíra ijó tó jó.

Òjò ti dé kó tó padà délé. Àwọn tó gbẹ́ kòtò gbé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání, nítorí wọn kì í dí kòtò òkú lófìfo nílùú wọn.

"Ìyá Samsu, ṣé ká sin ín?"

"Ẹ sin ín."

Wọ́n jù ú sínú kòtò. Omi òjò ti kún ibẹ̀ dé ìdajì. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò rì, ó ń léfòó kiri lórí omi. Àdìjátù jókòó sínú ẹrẹ̀, ó bú sẹ́kún.