Ojú Funfun Lẹ́nu Ilé-Ọmọ

Ọdún kọkànlá rèé tí obìnrin aránṣọ kan ti ń lo oògùn kòkòrò HIV, kò sì pa ọjọ́ kan jẹ rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí nọ́ọ̀sì ní kó wá ṣàyẹ̀wò ẹnu ilé-ọmọ, ìgbà mẹ́ta ló wá àwáwí: iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀, orí ń fọ́ òun, òjò ṣú.

"Nǹkan kan ò kúkú ṣe mí," ló wí nígbà tó wá gbà láti lọ.

"Jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ kì í dunni níbẹ̀rẹ̀," ni nọ́ọ̀sì dá a lóhùn. "Ìgbà tó bá fi máa dunni, ẹ̀pa lè má bóró mọ́. Àwa tí kòkòrò yìí wà lára wa ló sì máa ń tètè mú."

Aránṣọ gbọ́ "àwa" yẹn. Ó wojú nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó ń wọ ìbọ̀wọ́ lọ.

"Àǹtí mi, ẹ sún ìdí wá síwájú díẹ̀. Èmi ò lè bá yín sún un o."

Ó yẹ kí aránṣọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ò wá. Ó tẹjú mọ́ àjà bí ẹni pé ara ẹlòmíì ni wọ́n ń tanná wò. Irin tí nọ́ọ̀sì fi ṣí ojú ara rẹ̀ tutù, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì fi òwú tó rẹ sínú fínígà, omi kíkan tó ń mú kí ibi tó bá fẹ́ bàjẹ́ funfun, nu ẹnu ilé-ọmọ náà, ó dúró díẹ̀, ó tún wò.

"Ojú kan funfun níbẹ̀. Kì í ṣe jẹjẹrẹ o. Àmọ́ tá a bá fi í sílẹ̀, ó lè dà á. A lè jó o kúrò báyìí."

"Ẹ jó o."

Bí ẹni ní kí wọ́n já òwú ara aṣọ ló ṣe sọ ọ́. Ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ fún pọ̀ díẹ̀, ó tán. Wọ́n ní kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Nígbà tó délé, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ. Ọmọbìnrin rẹ̀, tí wọ́n jọ ń ránṣọ, bi í pé, "Kí ni wọ́n bá níbẹ̀?"

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo lọ síbì kankan?"

"Màámi, ilé kan náà là ń gbé. Mo ti mọ̀ nípa oògùn yín látìgbà tí mo ti mọ̀wé kà."

Aránṣọ dúró kí ojú ti òun, kí ẹkún dé. Ìkankan ò dé.

"Wọ́n rí nǹkan funfun. Wọ́n ti jó o."

"Ṣé ó dùn yín?"

"Mi ò mọ̀."

Ọmọ náà fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó bá a di etí aṣọ mú kó má baà lọ́. Ìyá rẹ̀ tẹ ẹ̀rọ lọ.