Ẹran Abẹ́ Ẹ̀bà

Àrínọlá ní kí nọ́ọ̀sì jẹ́ kí ọkọ òun tún gun orí òṣùwọ̀n náà. Nọ́ọ̀sì kò bá a jiyàn. Olújìmí bọ́ súwẹ́tà, ó bọ́ bàtà tí snow ṣì wà lára rẹ̀, ó sì gun orí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Kílò mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ó lé ní ọgọ́ta.

Àrínọlá wá sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ọsibítù náà lédè òyìnbó pé ó ní láti jẹ́ pé òṣùwọ̀n wọn ló ń purọ́, nítorí pé àkọsílẹ̀ gbogbo oúnjẹ tí ọkọ òun ń jẹ wà lọ́wọ́ òun.

Láti ìgbà tí wọ́n ti rí jẹjẹrẹ nínú ikùn Olújìmí ni àwọn dókítà ti kìlọ̀ fún wọn pé ẹni tó bá ń rù kò lè máa gba chemo, oògùn jẹjẹrẹ náà, lọ. Kálórì ẹgbẹ̀rún méjì lóòjọ́, purotéènì àádọ́rùn-ún gíráàmù, ó kéré tán. Iṣẹ́ ìṣirò ni Àrínọlá ń ṣe ní ọ́fíìsì kan ní Beltline láàárín ìlú, ó sì gba èyí náà bí iṣẹ́. App mẹ́ta tó ń ṣírò oúnjẹ lórí fóònù ló kọ́kọ́ gbìyànjú. Èkíní kò mọ ẹ̀fọ́ rírò, salad ló pè é. Èkejì ka ẹ̀bà sí búrẹ́dì. Ẹ̀kẹta ló burú jù, torí pé àwọn tó fẹ́ fọn ni wọ́n ṣe é fún, ọjọ́ tí Olújìmí kò bá rí oúnjẹ jẹ, ńṣe ló máa ń kí i kú oríire.

Ó pa gbogbo wọn rẹ́, ó ṣe tirẹ̀ sórí spreadsheet nínú fóònù rẹ̀. Ó lọ ra òṣùwọ̀n kékeré ní ilé ìtajà kan ní Marlborough. Ó ń wọn gaàrí kó tó dà á sínú omi gbígbóná, ó ń wọn epo, ó ń wọn ìkòkò ní òfìfo àti nígbà tí ọbẹ̀ bá wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹyọ ẹran kan tó ń jáde nínú ilé ìdáná rẹ̀ tí kò mọ iye gíráàmù rẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí, gbogbo àwo tó bá gbé fún Olújìmí ló ń padà wá ní òfìfo.

Obìnrin tó ń rí sí oúnjẹ àwọn aláìsàn ní ọsibítù náà wo àkọsílẹ̀ yìí títí. Ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí. Ó wá rọra béèrè pé ta ló máa ń jókòó ti Olújìmí bó bá ń jẹun.

Olújìmí kì í fẹ́ kí wọ́n máa wo òun lẹ́nu láti ìgbà tí oògùn ti ba ìtọ́wò rẹ̀ jẹ́. Basement, yàrá abẹ́ ilé wọn, ni Àrínọlá máa ń gbé oúnjẹ lọ bá a, níbi tí Olújìmí àti Ìtẹ́olúwa, ọmọbìnrin wọn ọlọ́dún márùn-ún, ti máa ń wo cartoon. Tó bá ti gbé e kalẹ̀ tán, á padà sókè. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ilẹ̀ ni Olújìmí ń wò.

Obìnrin náà ní kí Àrínọlá wo ọkọ rẹ̀ dáadáa bó bá ń jẹun nírọ̀lẹ́ yẹn, kí ó sì fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ kó tó di ọ̀la, torí àkọsílẹ̀ yẹn ni dókítà máa fi pinnu bóyá chemo ṣì máa tẹ̀síwájú. Wọ́n wakọ̀ padà sílé wọn ní Whitehorn.

Ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, Àrínọlá gbé ẹ̀bà àti ẹran mẹ́ta sọ̀kalẹ̀, ó ṣe bí ẹni tó ń lọ, ó sì dúró lórí àtẹ̀gùn. Olújìmí bu òkèlè mẹ́rin. Omi ló fi sin ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Lẹ́yìn náà, ó kó ẹran sábẹ́ ẹ̀bà tó kù, ó sì ti àwo náà sí ọ̀dọ̀ Ìtẹ́olúwa. Ọmọ náà ti nawọ́ de àwo.

"Ìtẹ́, kí lò ń ṣe?"

"It's my part, Mummy. Daddy always leaves me some."

Àrínọlá rántí àwọn ṣòkòtò ọmọ náà tó ti ń fún mọ́ ọn lára, tí òun sì ń dúpẹ́ pé ọmọ òun ń dàgbà. Inú bí i.

"O ń tàn mí jẹ, Jìmí." Ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ti fẹ́ra, kò sọ "o" sí i rí.

"Mi ò tàn ẹ́ jẹ. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, ṣebí òun ló máa ru igbá ẹ̀ délé."

"Má pòwe fún mi. Ọmọ yìí ti jẹun. Ìwọ ni mò ń se é fún."

"Kì í dúró, Àrín. Tí mo bá ti kọjá òkèlè mẹ́rin, á padà jáde." Ó nu ẹnu rẹ̀. "Bí àwo bá ṣófo, inú ẹ máa ń dùn. Mi ò fẹ́ gba ìyẹn lọ́wọ́ ẹ."

Àrínọlá jókòó sórí àtẹ̀gùn. Olújìmí wo ọmọ rẹ̀.

"Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí nígbà tí bàbá mi kú. Mi ò rántí ojú wọn. Mi ò rántí ohùn wọn. Ẹran tí wọ́n máa ń fi sílẹ̀ fún mi lábẹ́ ẹ̀bà, ìyẹn nìkan ni mo rántí. Kí ni Ìtẹ́ máa rántí?"

Omijé ń dà lójú Àrínọlá, kò nù ún. Nínú gbogbo ohun tó ń wọ̀n, kò ka ikú mọ́ ọn rí.

Nígbà tó yá, ó mú fóònù rẹ̀ jáde, ó sì súnmọ́ ọkọ rẹ̀.

"Òkèlè mélòó lẹ jẹ lánàá?"

"Mẹ́rin."

"Ìjẹta ńkọ́?"

"Mẹ́ta. Mi ò fẹnu kan ẹran."

Bẹ́ẹ̀ ló ń béèrè, bẹ́ẹ̀ ló ń pa nọ́ńbà àtijọ́ rẹ́ tó ń kọ tuntun, títí wọ́n fi kárí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó ṣírò rẹ̀ pọ̀, kò tó kálórì ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lóòjọ́. Ó mọ ohun tí dókítà máa sọ bó bá rí i. Olújìmí náà mọ̀.

"Fi ránṣẹ́," Olújìmí ní.

Ó fi ránṣẹ́.

Ìtẹ́olúwa ti dáwọ́ oúnjẹ dúró, ó ń wo ìyá rẹ̀ bóyá wọ́n máa gba àwo lọ́wọ́ òun. Àrínọlá tẹ̀ síwájú, ó ti ẹ̀bà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹran náà lè hàn dáadáa.

"Jẹ ẹ́," ó ní. "Bàbá ẹ ló fi sílẹ̀ fún ẹ."