Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ Awwal

Bàbá mi ń bẹ láyé. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, torí títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, àwọn èèyàn kan ṣì wà ní Mushin tí wọ́n ń pè mí láti kí mi kú ara fẹ́ra kù. Inú ń bí mi débi pé mi ò fẹ́ gbé fóònù mọ́. Awwal, àbúrò mi, ló fa gbogbo rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá ni ẹ̀jẹ̀ ríru dá bàbá wa wó. Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Èmi ni mo tẹ̀ lé wọn lọ sí ọsibítù, etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ohun tí dókítà sọ: kí wọ́n máa lo oògùn wọn, kí wọ́n dín iyọ̀ kù, kí wọ́n máa rìn díẹ̀ láràárọ̀. Ó parí! Dókítà ò bá tẹlifíṣọ̀n jà, kò bá ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni jà. Bàbá mi sì ń ṣe gbogbo ohun tó ní kí wọ́n ṣe. Tó bá wá di ìrọ̀lẹ́, àwọn àti Bàbá Ayọ̀miídé, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Ijora, á jókòó sí pálọ̀, wọ́n á ta dráàfù, wọ́n á wo àwọn òyìnbó tó ń ja ìjàkadì lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á máa pariwo, "Gbé e! Gbé e sánlẹ̀!" Kò sóhun tí bàbá mi fẹ́ràn tó o láyé yìí.

Àfi ìgbà tí Awwal kó dé. Kọ̀ǹpútà ló ń bá ṣiṣẹ́ ní Yaba. Oṣooṣù ló ń gbé fídíò sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí á máa ka àwọn ohun tó fẹ́ràn jù fún aráyé: omi kùkúńbà tó ń mu, orin tó ń gbọ́ kó tó sùn, bó ṣe ń jókòó tó ń pajú dé, tó ń ka èémí ara ẹ̀. Ó dáa. Kó máa ka èémí ẹ̀, ta ló dí i lọ́wọ́? Ṣùgbọ́n nígbà tí owó ilé tó ń gbé ti lọ sókè, ó kó padà sọ́dọ̀ bàbá wa, ló bá ní ohun tóun fẹ́ràn ni bàbá wa náà máa fẹ́ràn.

Ó yọ wáyà tẹlifíṣọ̀n, ó ní ariwo ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè. Ó kó àga pálọ̀ síta, ó tẹ́ ẹní. Ó ní kí bàbá mi máa jókòó láìsọ̀rọ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bàbá Ayọ̀miídé wá ta dráàfù, Awwal dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ má bínú sà, Alhaji ń sinmi." Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ń sinmi. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n ṣì ń sinmi. Àgbàlagbà bàbá, ó ń padà sílé bí ẹni tó wá tọrọ owó.

Mo pè é. Mo ní, "Awwal, ta ló rán ẹ níṣẹ́ yìí?"

Ó ní, "Àǹtí mi, ìbàlẹ̀ ọkàn ni oògùn tó dáa jù."

"Ìbàlẹ̀ ọkàn ta? Tìẹ àbí tiwọn?"

Ó ní òun wà ní mítìn. Mo pe bàbá mi fúnra wọn, ohùn wọn ti lọ sílẹ̀. Wọn ò jẹun dáadáa mọ́. Wọ́n ní, "Jẹ́ kó ṣe é bẹ́ẹ̀, Lateefah. Ó fẹ́ràn mi ni."

Ó wá di Sátidé. Awwal pe Kelvin àti Purity, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, pé kí wọ́n wá bá òun dákẹ́. Ṣé ẹ rí ayé? Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọṣọ funfun. Inú ilé ń móoru, ni wọ́n bá tẹ́ ẹní síwájú ilé, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n dorí kodò. Bàbá mi wà ní yàrá, Awwal ní kí wọ́n má jáde títí òun á fi pè wọ́n.

Ẹ gbà mí o! Ní Mushin! Ilé Mùsùlùmí, tí ariwo tẹlifíṣọ̀n ti wábi gbà níbẹ̀, tí wọ́n kó àga síta, tẹ́nìkan ò rí baba onílé látọjọ́ yìí, táwọn ọmọ wọ funfun jókòó sórí ẹní. Kí lẹ fẹ́ kéèyàn rò? Ìyá Ṣùbòmí tó ń gbé lódìkejì rí wọn, ó sáré wá, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú ìnira o. Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ọlọ́run á fi Alùjánńà kẹ́ wọn." Lọ́dọ̀ wa, èèyàn kì í bi ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ pé ṣé lóòótọ́ ni, kíkí lèèyàn ń kí i. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, torí Awwal ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lanu. Purity tiẹ̀ ń sunkún. Wọ́n ní ó máa ń ṣe é bẹ́ẹ̀ tó bá ti dákẹ́ pẹ́. Ìyá Ṣùbòmí káwọ́ lórí, ó figbe ta, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe gbogbo ayé.

Àǹtí Aneesah, àbúrò bàbá mi tó wà ní Ìwáyà, ló pè mí ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Tejuoso. Ó ń sunkún. Ó ní, "Lateefah, ṣé wọ́n ti wẹ̀ wọ́n?"

"Wẹ ta?"

"Bàbá ẹ."

Mo fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ gbayawu, mo wọ kẹ̀kẹ́, mo ké títí mo fi dé Mushin. Mi ò lè gbàgbé ìrìn yẹn, mi ò sì ní dárí ẹ̀ ji Awwal kíákíá.

Iwájú ilé ti kún. Àǹtí Aneesah ń yí mọ́lẹ̀. Àáfáà ti dé. Bàbá Ayọ̀miídé fara ti ògiri, omijé ń bọ́ lójú wọn, wọ́n ń sọ ọ́ léraléra, "Mo wá. Mo wá títí. Wọn ò jẹ́ kí n rí i." Awwal dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń pariwo pé wọn ò kú. Ta ló ń dá a lóhùn? Wọ́n ní ìbànújẹ́ ti dà á lórí rú, kí wọ́n bá a wá omi.

Mo gbá a lọ́rùn aṣọ mú. "Níbo ni wọ́n wà?"

"Yàrá, Àǹtí mi. Mo ní kí wọ́n má tíì jáde."

Mo fọ́ ọ létí, gbòà! Mo sì tún na ọwọ́ sókè, ni ilẹ̀kùn yàrá bá ṣí.

Bàbá mi jáde tàwọn ti síńgílẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan sá. Àáfáà ta kẹ́tùlù àlùwàlá dànù. Àǹtí Aneesah dìde jókòó nílẹ̀, ó ń fọwọ́ nu ojú. Bàbá mi wo gbogbo wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n ní, "Mo gbọ́ ohùn yín látìgbà tẹ́ ẹ ti ń dé. Mo jókòó, mo ń gbọ́ yín. Inú mi dùn." Wọ́n wá ní, "Ṣé ó dìgbà tí mo bá kú kí wọ́n tó jẹ́ kẹ́ ẹ wá kí mi ni?"

Awwal dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Ẹ má bínú sà. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ kú."

"Mo mọ̀. Ikú lò ń bẹ̀rù, Awwal, èmi lo wá tì mọ́lé."

Wọ́n di Bàbá Ayọ̀miídé lọ́wọ́ mú, wọ́n ní, "Jẹ́ ká máa lọ sílé tìẹ." Awwal ń pè wọ́n pé kí wọ́n dúró wọ bàtà. Wọn ò wẹ̀yìn. Èmi ni mo kó oògùn àtaṣọ wọn, mo fi tẹ̀ lé wọn.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà látìgbà yẹn. Mo gbé oúnjẹ lọ lánàá, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n sì béèrè gbogbo ará ilé lọ́wọ́ mi. Wọn ò béèrè Awwal.